Bí A Ṣe Ń Tún Kóòdù Àpẹẹrẹ ActiveMQ Ṣe Kí Ẹlòmíràn Tó Dà á Kọ

Ẹni tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń lo ActiveMQ, sọ́fítíwià tó ń gbé àtẹ̀jíṣẹ́ láti ètò kan sí òmíràn, nínú Java yóò ti bá irú kóòdù kan pàdé, tó máa ń wà nínú fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Test1 tàbí Demo. Ó ń sopọ̀ mọ́ alágbàtà, ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí queue (ìlà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń dúró de ẹni tí yóò gbà á), ó sì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà padà kó lè tẹ̀ ẹ́ jáde sójú terminal. Kóòdù bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ní ipò àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń kánjú yóò dà á kọ sínú iṣẹ́ gidi, àléébù tó wà nínú rẹ̀ yóò sì bá a débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kóòdù àpẹẹrẹ ló yẹ kó mọ́ ju gbogbo kóòdù yòókù lọ, nítorí òun nìkan ni a mọ̀ọ́mọ̀ kọ kí ẹlòmíràn lè dà á kọ.

ActiveMQ Classic ẹ̀dà 6 ni mo lò níbí, Java 17 ló sì kéré jù tó lè gbé e. Alágbàtà ni mo ń pe sọ́fítíwià tó dúró láàárín, tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́wọ́ ètò kan, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ títí ètò mìíràn yóò fi wá gbà á. Client ni ètò èyíkéyìí tó bá sopọ̀ mọ́ alágbàtà náà. Kóòdù tí a fẹ́ tún ṣe nìyí:

```java
import javax.jms.*;
import org.apache.activemq.ActiveMQConnectionFactory;

public class Test1 {
    public static void main(String[] args) {
        try {
            ConnectionFactory cf = new ActiveMQConnectionFactory(
                "admin", "admin", "tcp://localhost:61616");
            Connection c = cf.createConnection();
            c.start();
            Session s = c.createSession(false, 1);
            Queue q = s.createQueue("test");
            s.createProducer(q).send(s.createTextMessage("Ẹ káàárọ̀"));
            Thread.sleep(1000);
            TextMessage m = (TextMessage) s.createConsumer(q).receive();
            System.out.println(m.getText());
            c.close();
        } catch (Exception e) {
            e.printStackTrace();
        }
    }
}
```

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bó ṣe wà

Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ tan alágbàtà pẹ̀lú àṣẹ `bin/activemq console`, kí ẹ sì ṣí ojú ìwé àbójútó rẹ̀ ní `http://localhost:8161/admin`. Ẹ jẹ́ kí Test1 ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú activemq-client ẹ̀dà 5 tí wọ́n fi kọ ọ́. Client àtijọ́ ṣì lè bá alágbàtà tuntun sọ̀rọ̀, nítorí OpenWire ni èdè tí àwọn méjèèjì ń sọ lórí 61616. Ẹ kọ ohun tó tẹ̀ jáde sílẹ̀, ẹ sì ṣàkọsílẹ̀ iye àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọ queue “test” àti iye tó jáde níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí ni ẹ ó fi mọ̀, nígbà tí ẹ bá parí, pé àtúnṣe ni ẹ ṣe, pé ẹ kò ba nǹkan jẹ́. Láti ibí lọ, kí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ní commit tirẹ̀ nínú git, nítorí ẹni tó bá ko gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ẹyọ kan kò ní mọ èyí tó dá wàhálà sílẹ̀ bí ètò náà bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Láti javax sí jakarta

Lẹ́yìn tí Java EE, àkójọ ìlànà tí JMS (ìlànà Java fún fífi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́) wà nínú rẹ̀, kúrò lọ́wọ́ Oracle bọ́ sọ́dọ̀ Eclipse Foundation, orúkọ package náà yí padà. Ohun tó ń jẹ́ `javax.jms` tẹ́lẹ̀ di `jakarta.jms` nínú Jakarta EE 9 lọ́dún 2020, ActiveMQ sì gba orúkọ tuntun náà wọlé nínú ẹ̀dà 6.0.0 lọ́dún 2023. Nínú pom.xml, fáìlì tí Maven fi ń mọ ohun tí ètò yín nílò, ẹ yí activemq-client sí ẹ̀dà 6, lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí àwọn ìlà import padà.

Ẹ má ṣe fi àṣẹ kan ṣoṣo pààrọ̀ gbogbo “javax” tó wà nínú fódà yín. `javax.naming`, `javax.net.ssl` àti `javax.sql` jẹ́ ti JDK fúnra rẹ̀, wọn kò sì yí orúkọ padà. `javax.jms` nìkan ni kí ẹ wá, kí ẹ sì tọ́ka sí class kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń lò dípò ìràwọ̀, kí ẹni tó ń kàwé lè mọ ibi tí Connection àti Queue ti wá, pàápàá Queue, nítorí `java.util` náà ní Queue tirẹ̀.

Bí ẹ bá rí activemq-all láàárín àwọn dependency, ẹ yọ ọ́. Ó kó alágbàtà àti ohun gbogbo tó yí i ká pọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ client nìkan ni à ń kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Orúkọ, àti ohun tó lè yí padà

Èyí rọrùn, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Test1 di QueueExample, `c` di `connection`, `s` di `session`. Nọ́ńbà 1 tó wà nínú createSession kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á, `Session.AUTO_ACKNOWLEDGE` ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́sì alágbàtà àti orúkọ queue di constant lókè class, kí àdírẹ́sì náà lè ti ìta wọlé:

```java
static final String BROKER_URL = System.getenv()
    .getOrDefault("BROKER_URL", "tcp://localhost:61616");
static final String USER = System.getenv("BROKER_USER");
static final String PASSWORD = System.getenv("BROKER_PASSWORD");
static final String QUEUE_NAME = "apeere.ikini";
static final long TIMEOUT_MILLIS = 5000;
```

Ẹ kíyè sí i pé mo fún àdírẹ́sì ní iye tí yóò máa lò bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ òmíràn, àmọ́ n kò fún páásíwọ́ọ̀dù ní ọ̀kankan. “admin” àti “admin” tí ẹ rí nínú kóòdù òkè yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ jalè yóò gbìyànjú. Bí ó bá wà nínú àpẹẹrẹ, yóò dé orí sáfà ẹnì kan láìpẹ́.

Ohun kan tún wà tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá sínú kóòdù wa. ActiveMQ kì í ba àmì ohùn jẹ́ nínú TextMessage, nítorí UTF-8 ló fi ń kó ọ̀rọ̀ lọ. Ibi tí àmì ti ń bàjẹ́ ni kọ̀ǹpáílà. Kí Java 18 tó dé, ètò ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà ni javac máa ń tẹ̀ lé, èyí tí kì í sábà jẹ́ UTF-8 lórí Windows, “Ẹ káàárọ̀” yóò sì ti di wúruwùru kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ fi `project.build.sourceEncoding` sínú pom.xml, kí ẹ sì kọ UTF-8 síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Títi ìsopọ̀

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí ibí ni irú kóòdù yìí ti fi ọ̀sán odidi ṣòfò mọ́ mi lọ́wọ́. Mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ó sì ta ClassCastException sójú terminal. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, nítorí àpẹẹrẹ mìíràn tí mo dán wò láàárọ̀ ti fi BytesMessage kan sílẹ̀ lórí queue “test” kan náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ètò náà kò parí. Ó ti sọ àṣìṣe rẹ̀ tán, síbẹ̀ kò dá terminal padà fún mi kí n tẹ àṣẹ mìíràn. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo ṣí terminal kejì, mo sì tún jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ta àṣìṣe kankan, kò sì tẹ ohunkóhun jáde. Ó kàn dákẹ́ ni.

Àṣẹ jstack, tó ń ṣàfihàn àwọn thread inú ètò Java tó ń ṣiṣẹ́, ló tú àṣírí èkíní. Láàárín àwọn thread tó ṣì wà láàyè ni ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `ActiveMQ Transport: tcp://localhost/127.0.0.1:61616`. Thread yìí kì í ṣe daemon, nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà, JVM kò ní kú. Nígbà tí ClassCastException ṣẹlẹ̀, ètò náà fo ìlà `c.close()` dá, ó bọ́ sínú catch, ìsopọ̀ sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Ojú ìwé àbójútó ló tú èkejì. Níwájú “test”, lábẹ́ Number Of Consumers, 2 ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ni mo rò pé mo ní. Ètò tí mo pa tì sí terminal kìíní ṣì jẹ́ olùgbà (consumer) lójú alágbàtà. ActiveMQ kì í sì í dúró dìgbà tí olùgbà bá béèrè. Ó máa ń kó àtẹ̀jíṣẹ́ tì í tẹ́lẹ̀, tó 1,000 lórí queue bí ẹ kò bá yí iye náà padà. Kí ètò kejì tó dá olùgbà tirẹ̀ sílẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ olùgbà àkọ́kọ́, tí kò ní lò ó láéláé. Ètò kejì wá jókòó sínú `receive()`, ó ń retí ohun tí ẹlòmíràn ti gbé pamọ́.

Òògùn rẹ̀ kò gùn. Try-with-resources wà nínú Java láti ẹ̀dà 7 ti ọdún 2011, JMS 2.0 ti ọdún 2013 sì sọ Connection, Session àti olùgbà di AutoCloseable, kí try lè máa tì wọ́n fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ní àwáwí. Ẹni tó kọ ọ́ lánàá kò ní.

```java
public static void main(String[] args) throws JMSException {
    ConnectionFactory factory = new ActiveMQConnectionFactory(BROKER_URL);
    try (Connection connection = factory.createConnection(USER, PASSWORD)) {
        connection.start();
        send(connection, "Ẹ káàárọ̀");
        System.out.println(receive(connection));
    }
}
```

Bí ìsopọ̀ bá ti tì, gbogbo Session, olùfiránṣẹ́ àti olùgbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti tì náà, nítorí náà ẹnì kan lè sọ pé kò sí ìdí láti tún máa ti ìkọ̀ọ̀kan wọn. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ pé inú main yìí nìkan ni kóòdù náà yóò máa gbé. Àmọ́ ẹni tó ń dà á kọ lè mú receive nìkan lọ sínú sáfà tí ìsopọ̀ rẹ̀ kì í tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, olùgbà tí kò tì yóò sì máa kó àtẹ̀jíṣẹ́ pamọ́ bí èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí method kọ̀ọ̀kan ti ohun tó bá ṣí.

Àwọn kan yóò béèrè ìdí tí n kò fi lo JMSContext, tó bá JMS 2.0 dé, tó sì kúrú ju èyí lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ta JMSException bí kò ṣe JMSRuntimeException, tí kọ̀ǹpáílà kò ní fi dandan lé e pé kí a bójú tó, ìyẹn sì ti kọjá títún nǹkan ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àṣìṣe kò gbọdọ̀ parọ́

Ẹ pa alágbàtà, kí ẹ jẹ́ kí Test1 àtijọ́ ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ `echo $?` lórí Linux tàbí Mac. Ojú terminal yóò kún fún “Could not connect to broker URL”, síbẹ̀ 0 ni iye tí ètò náà dá padà, ìyẹn ni pé gbogbo nǹkan lọ déédéé. Ó dà bí ọmọ tí a rán lọ sọ́jà, tó padà dé lọ́wọ́ òfo, tó sì ní òun ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fi àpẹẹrẹ yìí sínú ètò ìdánwò tó ń dá ṣiṣẹ́ lóru yóò bá a ní àárọ̀ pé gbogbo rẹ̀ yege.

Catch tó gba Exception lápapọ̀, tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tó sì gbàgbé rẹ̀, ni ẹ ó yọ. Ẹ jẹ́ kí main kọ `throws JMSException` bí mo ti ṣe lókè, JVM fúnra rẹ̀ yóò tẹ àṣìṣe náà jáde, yóò sì dá 1 padà.

Ẹ ṣọ́ra fún àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `failover:` nínú àpẹẹrẹ. Ó dára nínú iṣẹ́ gidi, àmọ́ bí a kò bá fún un ní gbèdéke, yóò máa wá alágbàtà tí kò sí títí ayé, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò sì rò pé kóòdù òun ló ń dúró. Ẹ lo `tcp://` nìkan, tàbí kí ẹ kọ `maxReconnectAttempts` mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí a ṣe ń gbà á

`receive()` tí a kò kọ nǹkan sínú rẹ̀ yóò dúró títí. `receive(0)` náà yóò dúró títí, èyí tó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé òdo túmọ̀ sí má dúró rárá. `receiveNoWait()` ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ fún un ní gbèdéke ní ìṣẹ́jú-àáyá ẹlẹ́gbẹ̀rún, 5000 tó fún àpẹẹrẹ, kí ẹ sì rántí pé null ni yóò dá padà bí àkókò bá tán.

```java
static String receive(Connection connection) throws JMSException {
    try (Session session =
             connection.createSession(false, Session.AUTO_ACKNOWLEDGE);
         MessageConsumer consumer =
             session.createConsumer(session.createQueue(QUEUE_NAME))) {
        Message message = consumer.receive(TIMEOUT_MILLIS);
        if (message == null) {
            throw new IllegalStateException(
                "Kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ lórí " + QUEUE_NAME);
        }
        if (!(message instanceof TextMessage text)) {
            throw new IllegalStateException(
                "A kò retí irú èyí: " + message.getClass().getName());
        }
        return text.getText();
    }
}
```

Ọ̀rọ̀ AUTO_ACKNOWLEDGE gba àlàyé kan, ó sì yẹ kí ẹ fi sínú comment lókè method náà. Ní kété tí receive bá ti dá àtẹ̀jíṣẹ́ padà ni client ti sọ fún alágbàtà pé òun ti gbà á, alágbàtà yóò sì pa á rẹ́. Bí kóòdù yín bá wá kọsẹ̀ lórí ìlà tó tẹ̀ lé e, àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti lọ nìyẹn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí BytesMessage mi nìyẹn, mo sì wá a tì lórí queue lẹ́yìn náà. Fún àpẹẹrẹ tó ń kí ni káàárọ̀, kò burú. Fún ẹni tó fẹ́ lò ó fún ìsanwó, ó burú, Session tó ní transaction, níbi tí àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ti parẹ́ títí kóòdù yóò fi fọwọ́ sí i, ló yẹ kó lò. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní gbólóhùn méjì kó má baà jẹ́ pé ìgbà tí owó bá sọnù ni yóò tó mọ̀.

Ẹ tún rí i pé send àti receive ní Session tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Thread púpọ̀ lè pín Connection kan lò, ṣùgbọ́n Session kan, thread kan ló ni ín.

Send kò ní wàhálà. Ó ṣí Session tirẹ̀ pẹ̀lú olùfiránṣẹ́ nínú try kan náà, ó dá TextMessage sílẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ohun tó yẹ kó lọ

`Thread.sleep(1000)` ni àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé àtẹ̀jíṣẹ́ nílò àkókò kó tó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò sí nínú transaction máa ń jẹ́ persistent (èyí tí alágbàtà ń tọ́jú sórí dísìkì) bí ẹ kò bá yí i padà, `send` kì í sì í padà bọ̀ láìjẹ́ pé alágbàtà ti jẹ́rìí pé òun ti tọ́jú rẹ̀. Ẹ yọ oorun náà kúrò, ètò yóò fi ìṣẹ́jú-àáyá kan yára sí i.

Bí àpẹẹrẹ yín bá ń lo ObjectMessage, ẹ yí i padà sí TextMessage tó gbé JSON. Gbígba object Java láti ọwọ́ ẹni tí a kò mọ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníjàǹbá rí, ìyẹn ló jẹ́ kí ActiveMQ máa béèrè fún orúkọ package tí ẹ fọkàn tán kó tó tú u. Ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ ló ń bọ́ nínú ìdènà yìí nípa pípe `setTrustAllPackages(true)`, èyí tó dà bí kí a ra àgádágodo kí a sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Kóòdù tí wọ́n ti fi comment pa náà kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Git ń rántí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìdánwò tí kò nílò alágbàtà lọ́tọ̀

Ẹ fi activemq-broker kún pom.xml pẹ̀lú scope `test`, kí alágbàtà kékeré lè máa ṣiṣẹ́ nínú JVM kan náà pẹ̀lú ìdánwò:

```java
@Test
void ohunTiAFiRanseNiAGba() throws JMSException {
    ConnectionFactory factory = new ActiveMQConnectionFactory(
        "vm://localhost?broker.persistent=false");
    try (Connection connection = factory.createConnection()) {
        connection.start();
        QueueExample.send(connection, "Ẹ káàárọ̀");
        assertEquals("Ẹ káàárọ̀", QueueExample.receive(connection));
    }
}
```

Pàkúté kan wà níbí. Alágbàtà inú `vm:` máa ń jí nígbà tí ìsopọ̀ àkọ́kọ́ bá dé, ó sì máa ń kú nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn bá tì. Bí ẹ bá kọ ìdánwò tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, tó ti ìsopọ̀, tó wá ṣí òmíràn láti gbà á, alágbàtà kejì tí kò mọ nǹkan kan ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ìsopọ̀ kan ṣoṣo tó bo méjèèjì ni òògùn rẹ̀, bí ẹ ti rí i nínú kóòdù yẹn.

Ní ìparí, ẹ tún tan alágbàtà gidi, kí ẹ jẹ́ kí QueueExample ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì gbé àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ kìíní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé àbójútó. “Ẹ káàárọ̀” mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jáde, lórí “apeere.ikini”, mẹ́ta wọlé, mẹ́ta jáde, Number Of Consumers sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Bí ó bá jẹ́ 1, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin.